Al-Tabari kì í ṣe "Alátábárì"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Mo ti ń ka ohun tí ọ̀gá wa kan ń kọ lórí orúkọ àwọn òpìtàn Lárúbáwá ayé àtijọ́, mo sì ti pinnu pé n ò ní dá sí i. Ìgbà tí wọ́n dórí "Alátábárì" ni ara mi ò gbà á mọ́. Wọ́n ní "al-" iwájú al-Tabari àti "al-" inú Aláké, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọ́n ní ká kúkú máa pe òpìtàn náà ní Alátábárì, ká pe Ibn Khaldun ní Ọmọ Kálídúnù, ká sì sọ Abu Jafar, tí í ṣe orúkọ al-Tabari yìí kan náà, di Bàbá Jáfárù.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún Yorùbá ní "al-"? "Oní" la ní. Bó bá pàdé aṣọ, á di aláṣọ. Bó bá pàdé ẹja, á di ẹlẹ́ja. Bó bá kan ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ ni. Fáwẹ̀lì tó bá bá pàdé ló ń pa á láwọ̀ dà. Tó bá wá jẹ́ kọ́ńsónáǹtì ló bá pàdé, kò ní yí padà rárá: onífìlà, onímọ́tò. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní ọ̀gá wa jàre, "Onítábárì" ni ì bá kọ. Àṣìṣe wà nínú àṣìṣe.

"Al-" ti Lárúbáwá, ìtọ́ka lásán ni, bí "the" inú Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà ló ṣẹ́ kù sí wa lẹ́nu nínú Lámídì àti Lásísì, kò sì sẹ́ni tó ń wá "oní" kankan níbẹ̀. Ìparí orúkọ ni iṣẹ́ wà, "i" ẹ̀yìn yẹn tí àwọn alfa ń pè ní nisba, tó ń so èèyàn mọ́ ibi tàbí ohun kan. Ọdún 839 ni wọ́n bí al-Tabari ní Amul, ní ilẹ̀ Tabaristan, tó wà ní Ìráànì òde òní. Baghdad ló kú sí ní 923. Ará Tabaristan ni, ó parí. "Alátábárì" ń dún létí mi bí oyè ọba, bí ẹni pé bàbá náà ní ààfin àti ìlàrí. Sheikh Adam Abdullah al-Iluri, tó dá ilé kéwú Markaz sílẹ̀ l'Ágége, ta ló pè é ní Alálọrin rí?

Mo mọ̀ pé "ará" náà ò bá gbogbo rẹ̀ mu. Cairo ni wọ́n bí al-Maqrizi sí ní 1364, àdúgbò kan ní Baalbek ní Lẹ́bánónì, níbi tí ìdílé rẹ̀ ti wá, ni orúkọ náà sì ti jáde. Ti al-Baladhuri, tó kú ní 892, tún lé kenkà: èso ni baladhur. Wọ́n ní ẹnì kan nínú ìdílé náà ló mu omi rẹ̀ tí orí rẹ̀ fi dàrú. Ará èso ni ká pè é ni?

Lórí Ibn Khaldun, ẹ̀yìn ọ̀gá wa ni mo wà, ẹ má yà yín lẹ́nu. Àǹtí wa tó ta kò wọ́n ní Muhammad ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, pé kò lè jẹ́ ọmọ Khaldun. Ṣé àǹtí ò tíì gbọ́ "ọmọ Oníkòyí" rí ni? Ṣé Oníkòyí ló bí gbogbo wọn? Khaldun ni baba ńlá tó kó ìdílé náà wọ Andalus, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Sípéènì àtijọ́. Ibn Khaldun fúnra rẹ̀ ka baba mẹ́wàá títí dé orí ẹni yìí, ó wá ní àwọn kan ti já bọ́, torí pé 700 ọdún, tí èèyàn bá ka ìran mẹ́ta sí 100 ọdún, yóò tó nǹkan bí ogún ìran. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò báyẹn! "Ọmọ" inú oríkì bá a mu dáadáa.

Ṣùgbọ́n Bàbá Jáfárù, rárá o. Al-Tabari ò gbéyàwó títí ó fi kú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bímọ tí ẹ bá ń pè ní Bàbá Jáfárù, ẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín ni. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá, ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ń fún ọmọdé pàápàá. Ká tún wá wo Abu Hurayra, sàábé Ànábì, tí orúkọ rẹ̀ ti ara ọmọ ológbò wá: ṣé òun ló bí ológbò? "Abu" ibẹ̀ gan-an ló sún mọ́ "oní" tiwa. Ibi tó yẹ kí ọ̀gá wa ti lo oní, bàbá ni wọ́n lò. Ibi tí kò yẹ, wọ́n fi al- há a.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sọ́rọ̀. Ibn Khallikan, tó kú ní Damascus ní 1282, bó bá kọ ìtàn ẹnì kan tán, á tún sọ fáwẹ̀lì tó wà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan inú orúkọ olóògbé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é sódì. Alfa tó kọ́ mi ní kéwú kì í ka orúkọ tí kò ní àmì. Á dá wàláà padà fún ọ ni. Àwa tí a ní kọ̀ǹpútà wá ń kọ "oko" sílẹ̀, a ní kí òǹkàwé lọ wá ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ fúnra rẹ̀.

Ó ku "orúkọ orísun" tí àǹtí fẹ́ fi rọ́pò nisba. Omi ló ní orísun, àǹtí. Orírun ni ti èèyàn. Bí ẹ bá ní oríkì ìdílé kankan tó lo orísun fún ìran, ẹ gbé e wá.