Mòòkùn ni, kì í ṣe rírì

Nínú àwọn àbá tó wà nílẹ̀ fún títúmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn amòòkùn sí Yorùbá, àkọ́kọ́ ni pé kí a pe wíwọ abẹ́ òkun láìgbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ (freediving) ní "ìrìsómi ọ̀fẹ́". Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọkọ̀ ní í rì, òkúta ní í rì, ohun tó bá sì rì, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ẹni tó mòòkùn, à ń retí orí rẹ̀ lókè omi. "Ọ̀fẹ́" ńkọ́? Ohun tí a ò sanwó rẹ̀ nìyẹn létí Yorùbá. Sìlíńdà ni kò sí níbí, kì í ṣe owó. Èémí kan ṣoṣo tí èèyàn fà kó tó wọlé ló ń ná títí yóò fi jáde. "Ìmòòkùn eléèémí kan" ni mo dábàá.

Àwọn kan ní òkùnkùn ni mòòkùn, wọ́n tọ́ka sí "Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́". Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó bá ihò àpáta inú òkun mu. Ẹ wo ihò Mariner ní erékùṣù Nuapapu, ní Vava'u, ilẹ̀ Tonga. Ẹnu rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 2 sábẹ́ omi. Èèyàn á la nǹkan bíi mítà 4 kọjá lábẹ́ àpáta kó tó yọrí sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹni tó bá kánjú gbórí sókè á forí gbá àjà àpáta, nítorí náà ọwọ́ kan ní láti ṣíwájú orí. Bí ìgbì bá wọlé, á fún afẹ́fẹ́ inú yàrá náà pọ̀, etí á mọ̀ ọ́n. Bó bá fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á fẹ̀, á tutù, kùrukùru funfun á bo ibẹ̀ bámúbámú. Ìgbì tó tẹ̀lé e á tún pa á rẹ́.

Ẹ má pe èyí ní "kòtò òkun". Kòtò ni èyí tí wọ́n ń pè ní Dean's Blue Hole ní Long Island, Bàhámà: òòró ló lọ, ó jìn ní mítà 202. Ibẹ̀ ni William Trubridge, amòòkùn ọmọ New Zealand, ti mòòkùn dé mítà 102 ní 2016, láìwọ lẹbẹ sẹ́sẹ̀.

"Fífun imú" kò ṣeé lò fún ohun tí wọ́n ń ṣe sí etí kí agbára omi má bàa pa á lára. Imú ni wọ́n ń dì mú, tí wọ́n ń ti afẹ́fẹ́ sí etí. "Títú etí" ló yẹ ẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà àkọ́kọ́, nítorí bí a bá fi máa dé mítà 10, omi ti fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ dé ìdajì ààyè rẹ̀. Ẹni tó dúró dìgbà tí etí ń dùn ún ti pẹ́.

Àbá tó bà mí lẹ́rù jù ni "ìkó-èémí-jọ" fún mímí lemọ́lemọ́ kí a tó mòòkùn. Kò kó nǹkan kan jọ! Kábọ́ọ̀nù dàíọ́síìdì, afẹ́fẹ́ tí ara ń mí síta, ló ń gbọ́n dànù, bí a ti ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń kìlọ̀ fún ara pé ó tó kí a mí. Ìkìlọ̀ ò ní tètè dé, ọ́síjìn á tán, èèyàn á dákú. "Mímí àgbọ́ndànù" ni kí ó máa jẹ́.

Ẹni tó wà lókè omi ńkọ́? Wọ́n pè é ní "olùwòran". Òun ló ń pàdé ẹni tó ń gòkè bọ̀, tó sì ń wo ojú rẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 30 lẹ́yìn tó ti mí, torí dídákú sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá òkè omi. "Ẹnìkejì" ni kí a pè é.