Páìpù wa kì í mọ́ nínú lẹ́yìn tó bá jáde nínú ásíìdì

Ọmọ Ọ̀tà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iléeṣẹ́ páìpù ni mo wà. A máa ń rẹ páìpù sínú ásíìdì háídírókílóríìkì ká tó rì í bọ síǹkì yíyọ́ tí kì í jẹ́ kó dípẹtà. Ìta rẹ̀ á mọ́ tónítóní, àmọ́ tá a bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú, èépá dúdú ṣì wà níbẹ̀, síǹkì ò sì ní mú un. Ọ̀gá ní ká jẹ́ kó pẹ́ sí i. Ó pẹ́ lóòótọ́, ni ìta bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ihò wínníwínní. Kí la fẹ́ ṣe sí i?

Bàbá Wẹ́dà: Ásíìdì yẹn ti kú. Ẹ da tuntun lé e.

Ìyá Láàbù: Ẹ má tíì da nǹkan kan, owó ni ásíìdì. Àbúrò, ṣé gbogbo inú páìpù ni èépá yẹn wà, àbí ojú kan?

Ọmọ Ọ̀tà: Ojú kan ni, mà. Ìlà gbọọrọ kan láti orí dé ìdí. Kì í sì í ṣe ojú wẹ́dà.

Ìyá Láàbù: Á jẹ́ pé gbalaja lẹ̀ ń tẹ́ ẹ sínú táńkì. Atẹ́gùn há sókè inú rẹ̀, gáàsì tí ásíìdì ń tú lára irin tún ń kún un. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ásíìdì ò ní dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí kan ga ju ìkejì lọ bó ṣe ń wọlé. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ gbé e sókè kó ṣàn dànù, kẹ́ ẹ tún rì í.

Ẹlẹ́rọ Ìkòròdú: Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi sódà gbígbóná fọ epo ara rẹ̀ o, torí ásíìdì kì í ran epo. Kẹ́ ẹ sì ra inhibitor dà sínú ásíìdì, òun ni kì í jẹ́ kó máa jẹ irin tó ti mọ́. Háídírómítà, ìyẹn ohun tá a fi ń wọn bí nǹkan olómi ṣe wúwo tó, òun nìkan á tàn yín: bí agbára ásíìdì ṣe ń lọ, irin tó ń yọ́ sínú rẹ̀ ń mú un wúwo, ẹ ó máa rò pé ó ṣì le. Ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ wọn ásíìdì, ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ wọn irin. Tuntun sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Tó bá ti já wá sí 5, tí irin sì ti lé dáadáa ní 100 gíráàmù nínú lítà kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bàbá Wẹ́dà: Mo gbà. Ibo la ó wá da ògbólógbòó sí?

Ìyá Láàbù: Kì í ṣe gọ́tà o! Láìmù oníyẹ̀fun funfun, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́, lẹ ó fi pa agbára rẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá sì ń po tuntun, ásíìdì lẹ̀ ń dà sínú omi, ẹ ò gbọdọ̀ da omi sínú ásíìdì.

Ọmọ Ọ̀tà: Ẹ ṣé, mà. Ọ̀gá ní kíréènì wa ò lè gbé e dagun.

Ẹlẹ́rọ Ìkòròdú: Kíréènì kọ́. Ẹ jẹ́ kí ṣéènì ẹ̀gbẹ́ kan kúrú ju ìkejì.