"Ìgòkè" kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àtàárọ̀ ni mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ "ìgòkè" yìí ò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé fáwọn tó ń gbin ọ̀pẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbàǹgbà pé "Ìgòkè máa ń dín èso ọ̀pẹ kù." Altitude ni wọ́n fẹ́ sọ, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ga tó ju ojú òkun lọ, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń wá Yorùbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, bàámi fi igbà gun ọ̀pẹ fún nǹkan bíi 40 ọdún, tí wọ́n bá ka gbólóhùn yẹn sí wọn létí, wọ́n á ní ṣé káwọn sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹ wo ì- tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ìgòkè, ẹnì kan ló ń gun nǹkan. Ìgòkè re ọ̀run Jésù tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ojú kan ló dúró sí ni? Ilẹ̀ ò gòkè lọ síbì kankan, bó ṣe wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n wá fèsì lánàá pé ó dáa, ká kúkú máa pè é ní "òkè" lásán. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kigoma ní Tansaníà, etí adágún Tanganyika ló wà, ẹni tó dúró sétí omi yẹn tó ń fọ ẹsẹ̀, ṣé ẹ máa sọ pé orí òkè ló wà? Síbẹ̀ ojú omi yẹn fi nǹkan bíi mítà 770 ga ju ojú òkun lọ. Agbègbè yẹn àti apá Bamenda ní Kamẹrúùnù sì ni wọ́n ti mú irú ọ̀pẹ tó ń fara da otútù, tí wọ́n wá fi ṣe irúgbìn fáwọn ilẹ̀ olótùútù.

Alàgbà kan ní ká máa lo "gíga" nìkan. Ẹ gbà á lò nínú gbólóhùn ná kẹ́ ẹ rí i: "Gíga máa ń dín gíga ọ̀pẹ kù." Òótọ́ sì ni o! Ọ̀pẹ ibi gíga kì í tètè ga. Kì í tiẹ̀ ṣe gíga fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, otútù ni, torí bí èèyàn bá ṣe ń fi mítà 100 lọ sókè ni ooru á máa fi nǹkan bíi dígíríì 0.6 lọ sílẹ̀. Ọ̀pẹ tó ti dàgbà máa ń yọ bí imọ̀ méjì lóṣù, ìdí imọ̀ kọ̀ọ̀kan ni òdòdó kan ti ń jáde, akọ tàbí abo, abo yẹn ló ń di ìdì ẹyìn. Tí otútù bá wá mú, imọ̀ á máa pẹ́ kó tó yọ, òdòdó mìíràn á kú síbẹ̀, ìdì tó bá ṣẹ́ kù á pẹ́ kó tó pọ́n. Ní àríwá Sumatra, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, wọ́n gbin ọ̀pẹ síbi tó jẹ́ oko tíì tẹ́lẹ̀, ó ga kọjá mítà 600, ọ̀pẹ ibẹ̀ sì pẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Tèmi ni "gíga ilẹ̀ sójú òkun". Àǹtí wa l'Ékòó ní ó ti gùn jù, wọ́n ní "iga" ti tó, wọn ò sì fi àmì ohùn kankan sí i, mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ Iga Idunganran, ààfin Ọba Èkó, la tún fẹ́ sọ. Ó gùn lóòótọ́. Àmọ́ kó gùn kó yé àgbẹ̀ sàn ju kó kúrú káwa náà máa jà lórí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n sọ pé 30 ọdún làwọn fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, kí n fi ẹnu mi sílẹ̀. Ẹ ṣeun sà. Ta ló wá kọ "ìdí ẹyìn mẹ́ta" sójú ewé kejì? Ìdì ni o. Ìdì.