Ṣé -g ló sọ láíbìrì mi di ràgàjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fi gcc kọ̀ǹpáìlì láíbìrì C kan tó ń ka fọ́tò, lórí Debian. Láìsí -g (àṣẹ tó ń ní kí gcc fi ìsọfúnni àyẹ̀wò àṣìṣe kún fáìlì), fáìlì .so (láíbìrì tí àwọn ètò jọ ń lò) náà kò tó 2MB. Mo fi -g kún -O2 (àṣẹ tó ń mú kóòdù yára), ó di 11MB! Ṣé kò ní máa falẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó máa lò ó?

Ìdáhùn: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kóòdù rẹ kọ́ ló sanra. Tẹ `readelf -S` lé fáìlì náà, wàá rí .debug_info, .debug_line àtàwọn ẹgbẹ́ wọn: orúkọ fáríábù, irú tó jẹ́, ìlà tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ti wá. Wo òpó Flags wọn dáadáa, kò sí A (àmì ohun tó ń wọ mẹ́mórì) níbẹ̀. Wọn kì í wọ mẹ́mórì nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́. Orí díìsìkì ni wọ́n jókòó sí títí gdb (irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú ètò) fi máa wá wọn. Ẹni tó bá ní -g ń fa eré òun sẹ́yìn, bi í bóyá -O0 (láìsí ìmúyára) ló lò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Kí n wá fi strip, irinṣẹ́ tó ń yọ irú ìsọfúnni yìí kúrò, gé e?

Ìdáhùn mìíràn: Kọ́kọ́ fi `objcopy --only-keep-debug` pa ìsọfúnni àyẹ̀wò náà mọ́ sí fáìlì tirẹ̀, kí o tó lo `strip --strip-debug`, kí o sì fi `objcopy --add-gnu-debuglink` so wọ́n pọ̀. Irú fáìlì ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwọn páákéèjì -dbgsym Debian. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fi strip lásán kan fáìlì .a (láíbìrì tí a ń dà pọ̀ mọ́ ètò nígbà kọ̀ǹpáìlì) o! Á kó orúkọ tí línkà (irinṣẹ́ tó ń so àwọn kóòdù pọ̀) nílò lọ.