“Àtubọ̀tán oògùn” kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bi asofẹ́yẹjẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹni tó dábàá pé ká máa pe “side effect” oògùn ní “àtubọ̀tán” ṣiṣẹ́ gidi, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ìgbẹ̀yìn ìwà ẹ̀dá là ń pè ní àtubọ̀tán. Olè là ń sọ fún pé kó rántí rẹ̀. Kí ni ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí imú rẹ̀ wá dí, jí gbé?

Ẹlòmíì ní “ipa ẹ̀gbẹ́”. Èyí náà kò bá asofẹ́yẹjẹ, igi oògùn wa kan, mu. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Mushin, gbòǹgbò rẹ̀ là ń wá, kì í ṣe èso tí ẹyẹ ń jẹ. Ó korò bí jogbo. Oògùn wèrè ni, ó ń mú alárùn ọpọlọ sùn; wọ́n á sì kìlọ̀ fún yín pé ó le.

Reserpine, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ló wà nínú rẹ̀. Lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́tọ̀, ní Switzerland, lọ́dún 1952. Inú àpò kéékèèké ni iṣan ìmọ̀lára ń kó èròjà tó fi ń ránṣẹ́ sí. Reserpine kì í jẹ́ kí àpò náà gbẹrù mọ́, èròjà á ṣòfò, iṣan ò ní rí nǹkan rán. Òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ọkàn á rọra máa lù, ara tó ń gbóná sódì á wálẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú imú dí, tó sì lè mú kí ìbànújẹ́ dorí ẹni kodò. Ẹ̀gbẹ́ wo wá nìyẹn? Iṣẹ́ kan ló ṣe. Ibi tó bọ́ sí ló yàtọ̀.

“Àṣekún” ni mo mú wá. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Dókítà ní Ìdí-Àràbà lè sọ pé, “Màmá, àṣekún oògùn yìí ni pé imú yín lè dí,” kí màmá sì gbọ́ ọ. Bó bá ní “àtubọ̀tán oògùn yìí”, màmá á ti wà nínú dánfó tó ń lọ sílé.

Ẹ má sì da “àmujù” pọ̀ mọ́ ọn. Àṣekún lè bá ẹni tó lò ó bó ṣe yẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin mìlígíráàmù kan ti tó èèyàn lóòjọ́ nínú reserpine oníhóró. Gbòǹgbò tí a rẹ sínú ìgò kò ní ìwọ̀n kankan lára, ibẹ̀ sì ni àmujù ti ń wáyé.

Bí “àṣekún” bá ti ń ṣiṣẹ́ mìíràn ládùúgbò yín, ẹ sọ ọ́ kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀.