Èèṣì kọ́ ni àìkíyèsára

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín. Mo fẹ́ dá sí àríyànjiyàn wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ fún negligence, ìyẹn kí ènìyàn ṣe ẹlòmíràn léṣe nítorí pé kò ṣọ́ra tó. Èmi kò lè fara mọ́ "ẹ̀ṣẹ̀ èèṣì" tí ọ̀gbẹ́ni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárín wa dá sílẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ní "mo ṣèèṣì ni" ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ka ọ̀ràn sí òun lọ́rùn. Báwo wá ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń tú ẹlẹ́bi sílẹ̀ yóò ṣe di orúkọ ẹ̀bi? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá fọ́ àwo tí a sì ní èèṣì ni, ìyá mi àgbà kì í béèrè bóyá a mọ̀ọ́mọ̀, ohun tí ó máa ń bi wá ni pé, "Ojú rẹ dà?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni òfin delict ti Skọ́tlándì, èyí tí ó ń mú ẹni tí ó ṣe ẹlòmíràn léṣe san owó ìtanràn fún un, ń béèrè.

Ẹ wo ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson tí ọ̀gbẹ́ni wa fúnra rẹ̀ mẹ́nu bà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1928, ní ìlú Paisley ní Skọ́tlándì, ọ̀rẹ́ May Donoghue ra ẹlẹ́rìndòdò alátalẹ̀ fún un, nínú ìgò dúdú tí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Ó mu díẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n da ìyókù sínú ife ni ìgbín jíjẹrà jáde, àìsàn sì dé. Òun kọ́ ni ó sanwó, nítorí náà kò ní àdéhùn tí ó lè gbá mú. Stevenson tí ó ṣe ẹlẹ́rìndòdò náà kò sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìgbín sí i. Síbẹ̀, ní ọdún 1932, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ilé Aṣòfin Àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé, bí ọ̀rọ̀ obìnrin náà bá jẹ́ òótọ́, ó jẹ́ dandan fún ẹni tí ń ṣe ohun mímu láti kíyè sára nítorí ẹni tí yóò mu ún. Bí a bá pe èyí ní èèṣì, a ti dá Stevenson láre nìyẹn.

"Àìbìkítà" tí ẹlòmíràn nínú wa dábàá fún negligence kò bá a mu, nítorí ọkàn ni ó ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ṣe ní ipò yẹn ni òfin ń wò. Àìkíyèsára ni mo fọwọ́ sí. Àbúrò wa obìnrin kan tí ó lòdì sí i ní "ara" inú rẹ̀, ara ẹni nìkan ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì ni Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta náà, ti mú ìlànà rẹ̀ pé kí a ṣọ́ra kí a má ṣe ẹnìkejì wa léṣe, níbi tí amòfin ti bi Jésù pé ta ni ẹnìkejì òun. Àṣẹ tí ó ṣáájú ìbéèrè náà sì ni pé kí o fẹ́ràn ẹnìkejì rẹ bí ara rẹ. Ara náà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, "ẹnìkejì" ni kí a kọ, kì í ṣe "aládùúgbò" tí ọ̀gbẹ́ni wa lò, nítorí Glasgow ni obìnrin yìí ń gbé, Paisley ni Stevenson ti ń rọ ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ sínú ìgò.