Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo la ṣe ń yọ sẹ́nétọ̀ tó jókòó lé ìwé ẹ̀sùn wa lórí?

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú àárọ̀. N kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n eléyìí ti kọjá ohun tí mo lè gbé mì.

Àwa méje ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. N ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọdún 19 ni mo lò. Wọn ò pè wá ká wá ro ẹjọ́, lẹ́tà la kàn rí. Ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to fáìlì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ rò ó wò.

A kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ojú ewé 14. A dá owó ọkọ̀ jọ, àwa mẹ́ta gbéra lọ sí Àbújá. Ọjọ́ Ajé la débẹ̀, a ní ká wo bí wọ́n ṣe ń jókòó, ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá fi wá rẹ́rìn-ín pé Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jókòó. Ibi tí a sùn mọ́jú, ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sí mi lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo wọlé bá amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́nétọ̀ wa, ó gba ìwé, ó bi mí ní ìbéèrè méjì mẹ́ta, ó ní ká máa lọ sílé. Oṣù keje nìyẹn. Kò pẹ́ ni wọ́n lọ ìsinmi ọdún. Wọ́n padà wọlé, ẹnu ò gbọ́ nǹkan. Ó wá di pé kì í gbé fóònù mi mọ́. Mo fi nọ́ńbà ìyàwó mi pè é, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó pa á.

Ìbéèrè mi ni pé: báwo la ṣe ń pe sẹ́nétọ̀ padà sílé? Mo gbọ́ pé òfin gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọlọ́run á dá sí i. Ti bàbá ọkọ mi ló jọ tiyín, owó ìfẹ̀yìntì ni tiwọn. Wọ́n gbé e dé iwájú ilé ní 2022, kọmíítì pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ká tó ṣẹ́jú, oṣù kẹfà 2023 dé, ilé yẹn parí, kọmíítì túká, wọ́n ní ká wá bá sẹ́nétọ̀ tuntun. Bàbá ò dúró dè é. N ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́, ó kàn rán mi létí ni.

Ọmọ Okun
Ọ̀gá, ẹ fi pípe-padà yẹn sílẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Kogí ni mo ti wá, ojú wa ló ṣe. Abala 69 nínú òfin ìlú ní ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní agbègbè sẹ́nétọ̀ náà lọ tí yóò fọwọ́ sí i, kí àjọ elétò ìdìbò yẹ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n sì ṣe ìbò bóyá kó lọ tàbí kó dúró láàárín ọjọ́ 90. Ní oṣù kẹrin 2018, nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà, ẹni tí wọ́n rí yẹ̀wò jẹ́ 18,742 péré, ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ariwo tí a ti pa kó tó dọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ò rí i! Ní 2025 wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀ ní Àárín Gbùngbùn Kogí, ọwọ́ 208,132 ni wọ́n kó wá nínú olùdìbò 474,554, kò pé ìdajì síbẹ̀. Ẹ̀yin méje tó ń dá owó ọkọ̀ fẹ́ ṣe é?

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Àwa méje ní mọ̀lẹ́bí. Ẹ má fojú kéré wa.

Alàgbà Fẹ̀yìntì
Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kọmíítì nílé aṣòfin kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí ẹnì kankan ò tíì bi yín.

Ìkíní, ta ló fọwọ́ sí ìwé náà? Ìkejì, ǹjẹ́ sẹ́nétọ̀ ti dìde nínú ilé, kí ó sọ pé ẹ̀sùn kan wà lọ́wọ́ òun, kí Ààrẹ ilé sì ní kó gbé e sórí tábìlì? Títí tí ìyẹn ò bá tíì ṣẹlẹ̀, bébà lásán ló wà lọ́wọ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Òfin ilé ò fún ọmọ ìlú ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, sẹ́nétọ̀ ni yóò gbé e wọlé. Tó bá ti gbé e wọlé, wọn kì í jiyàn lórí ẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí kọmíítì tó ń rí sí ìwà àti ẹ̀sùn ará ìlú, wọ́n á sì dá ọjọ́ tí kọmíítì yóò jábọ̀. Ìkẹta, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà wà ní kóòtù?

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Ẹ ṣé, alàgbà. Àwa méjèèje la fọwọ́ sí i, àdírẹ́sì wa sì wà níbẹ̀. Kò tíì dìde nínú ilé, ohun tí mò ń bínú sí gan-an nìyẹn! Ìṣẹ́jú méjì péré ni yóò gbà á. Ṣebí a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí ó ṣe dìde láti kí ẹnìkan kú ọjọ́ ìbí.

Ṣọlá Ajàfẹ́tọ̀ọ́
Òfin ilé yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ bínú sí. Kí ló dé tí ọmọ ìlú ò fi lè fi ẹ̀sùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kí ó máa tọpa ẹ̀? Tí sẹ́nétọ̀ rẹ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá tó lé ọ, ó parí nìyẹn. Kí wọ́n yí òfin náà padà.

Alàgbà Fẹ̀yìntì
Ẹ lọ bá sẹ́nétọ̀ mìíràn tàbí ilé aṣojú-ṣòfin, wọ́n ní kọmíítì ẹ̀sùn tiwọn. Ní ti yíyí òfin padà, ẹ̀gbọ́n, abala 60 fún ilé kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣe òfin ìṣe tirẹ̀. Ìlànà tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀ rèé: sẹ́nétọ̀ tó fẹ́ àtúnṣe á kọ ìwé sí Ààrẹ ilé, Ààrẹ á tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ọmọ ilé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7. Ẹni tó gbé e wá á ṣàlàyé, ilé á dìbò bóyá kí wọ́n tiẹ̀ wò ó. Tí wọ́n bá gbà, wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa gbà á wọlé. Tí gbogbo àwọn 109 bá jókòó, ènìyàn 73 nìyẹn. Àwọn tí òfin náà sì fún lágbára ni yóò dìbò pé kí agbára wọn dínkù.

Ṣọlá Ajàfẹ́tọ̀ọ́
Ìdá méjì nínú mẹ́ta kẹ̀! Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin pàjáwìrì tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè kéde ní Ìpínlẹ̀ Rivers ní oṣù kẹta 2025, òfin ìlú béèrè iye kan náà, ariwo “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” ni wọ́n fi kà á. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ka ohùn. Ní 2015 ńkọ́, tí wọ́n ń jà lórí pé ìwé òfin ilé tí wọ́n fi yan olórí kọ́ ni èyí tí ilé ìṣáájú fi sílẹ̀? Ó dé kóòtù ní 2016, ìjọba tún fà á yọ.

Alàgbà Fẹ̀yìntì
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó mú òòlù lọ́wọ́ ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ ilé lè tako ìdájọ́ ohùn kó ní kí wọ́n ka orí, àmọ́ ẹni tó máa dìde ló ṣọ̀wọ́n.

Alákòóso Ẹgbẹ́
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ibí di pápá òṣèlú. Arákùnrin yìí béèrè ìmọ̀ràn.

Lọ́yà Kékeré
Mo rí i pé olùbéèrè dáhùn ìbéèrè méjì nínú mẹ́ta tí alàgbà bi í. Ẹ̀kẹta ńkọ́ sà? Ǹjẹ́ ó wà ní kóòtù?

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Ìyẹn ò kan ti sẹ́nétọ̀.

Lọ́yà Kékeré
Ó kàn án gan-an. Ó wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Ó wà ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Oṣù kejì ni lọ́yà wa gbé e lọ. Àmọ́ wọ́n kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni, ìgbà kẹta rèé, ìdí nìyẹn tí a fi gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin lọ. Ẹni tó bá ń rì sómi, igi tó bá rí ni yóò dì mú.

Ọmọ Okun
Háà! Ẹ ti ń jẹ́ ká máa ka iye olùdìbò Kogí láti àárọ̀!

Lọ́yà Kékeré
Òfin ilé ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lórí ohun tí adájọ́ ò tíì parí, tó bá lè pa ẹnì kan lára nínú ẹjọ́ náà. Kọmíítì kì í fẹ́ fọwọ́ kan irú ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pe iléeṣẹ́ náà, nọ́ńbà ẹjọ́ ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ fi hàn. Ṣé ẹ sọ fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn?

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Ó wà lára ìbéèrè tó bi mí. Mo ní rárá. Ẹnìkan ló gbà wá nímọ̀ràn pé tí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní gba ìwé lọ́wọ́ wa. Kí lẹ̀yin ìbá ṣe ní ipò mi? Ọmọ mẹ́rin ni mo ní.

Alàgbà Fẹ̀yìntì
Ẹ ṣèrò, ọmọkùnrin yẹn ti wádìí yín. Ẹ̀rù ń bà á láti ní kí ọ̀gá rẹ̀ dìde pẹ̀lú ìwé tí wọ́n á dá padà lójú gbogbo ènìyàn. Ní oṣù kẹta 2025, sẹ́nétọ̀ gan-an mú ẹ̀sùn tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí wọlé, kọmíítì dá a padà pé òfin ilé ò gbà á, àfi ìgbà tí ọmọ agbègbè rẹ̀ fọwọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ta ni yóò fẹ́ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tó parọ́ fún un?

Ìyá Ìbejì
Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ìbànújẹ́ ló ń bá a jà. Sà, ṣé ẹ ò lè fa ẹjọ́ yẹn yọ kí sẹ́nétọ̀ lè gbé ìwé yín wọlé?

Lọ́yà Kékeré
Ẹ MÁ ṢE BẸ́Ẹ̀. Màmá, ẹ dárí jì mí, àmọ́ ìmọ̀ràn tó lè ba ilé jẹ́ nìyẹn. Tí kọmíítì bá gbọ́ ẹ̀sùn, tí wọ́n sì rí i pé wọ́n jẹ yín níyà, àbá ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbà yín padà. Iléeṣẹ́ lè kà á kó fi pamọ́. Ìdájọ́ adájọ́ ni wọn ò lè fi ṣeré. Àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú (Public Complaints Commission, kì í ṣe kọmíítì ilé) náà ò ní fọwọ́ kan ohun tó wà ní kóòtù, kí ẹ má lọ dá owó ọkọ̀ ìyẹn náà.

Alàgbà Fẹ̀yìntì
Ẹ̀bùn lásán kọ́ ni àbá ilé o, lọ́yà. Mo ti rí èyí tí wọ́n tẹ̀ lé. Ilé ló ń wo ìṣúná iléeṣẹ́ yẹn, wọ́n mọ̀.

Lọ́yà Kékeré
Mélòó lẹ rí, alàgbà?

Alàgbà Fẹ̀yìntì
…kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Inú ń bí mi sí yín, ó sì ń bí mi sí ara mi. Àwọn mẹ́fà yòókù ò mọ̀ pé mo ní rárá fún ọmọkùnrin yẹn, èmi nìkan ni mo wọlé bá a. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn?

Alàgbà Fẹ̀yìntì
Kí ẹ tó sọ fún wọn, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀: pé ẹ̀sùn náà wà ní kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́ rèé, kí wọ́n jọ̀ọ́ tọ́jú ìwé wa títí ìdájọ́ yóò fi wáyé. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Kí ẹ sì rántí pé oṣù kẹfà 2027 ni ilé yìí parí, tí ẹjọ́ bá kọjá ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tuntun lẹ máa gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀-Dùn-Mí (olùbéèrè)
Ọjọ́bọ̀ ni ẹjọ́ wa tún ń bọ̀. Màá rí lọ́yà wa kó tó dìgbà yẹn. Òun náà ò mọ̀ pé a lọ sí Àbújá.

Lọ́yà Kékeré
Ọlọ́run ọba o.